Fáìlì Sọ 62, Ìwé Sọ 76: Èwo Ni Ká Gbà?

Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ bayokẹ́mísìrì ní Akoka, tí ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún tí mo máa ṣe àṣekágbá nìyí. Ọ̀gá tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi ní kí n lọ sórí Protein Data Bank, àká orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ìrísí purotéènì, DNA àti RNA sí, kí n mú ìrísí tRNA yíìsì kan níbẹ̀ (tRNA ni RNA tó ń gbé amino acid lọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń hun purotéènì), kí n sì ṣàlàyé bó ṣe ká. Mo débẹ̀, mo bá oríṣiríṣi fáìlì fún ohun kan ṣoṣo: 4TNA, 6TNA, 1EHZ, àtàwọn mìíràn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Mo ṣáà mú 1EHZ. Mo yọ omi inú rẹ̀ kúrò, mo ka béèsì rẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà tó tò di RNA, mo rí 62, ìwé sì ní 76 ni. Ṣé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ohun tí wọ́n bá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè ní láárí. Wọ́n tún ní pírójẹ́ẹ̀tì tí kò dé láàbù kì í ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo fẹ́ dà kọ. Bàbá wa náà ń bẹ̀rù pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára wa ní ọsibítù ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, ibi 62 yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé òun gan-an ni kò jẹ́ kó o rí oorun sùn. Fáìlì ò bàjẹ́. Ìwọ lo da béèsì 14 nù mọ́ omi, o ò sì mọ̀. Ṣí fáìlì náà nínú Notepad, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán, kó o fojú ara rẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀: orúkọ átọ̀mù náà, béèsì tó wà, nọ́ńbà béèsì yẹn, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ ibi tó dúró sí gan-an. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà ló kó ọ sí wàhálà. Àwọn ìlà kan fi ATOM bẹ̀rẹ̀, àwọn kan fi HETATM. ATOM wà fún béèsì tí gbogbo ayé mọ̀, A, C, G àti U. HETATM ni ti gbogbo ìyókù: omi, mágínísíọ̀mù, oògùn bó bá wà níbẹ̀, àti béèsì tí sẹ́ẹ̀lì tún ṣe lẹ́yìn tó ti da RNA náà kọ tán. Kò sì sí RNA tí sẹ́ẹ̀lì ń tún ṣe lára tó tRNA. Nínú èyí tó o mú, tó jẹ́ èyí tó ń gbé amino acid tó ń jẹ́ phenylalanine, béèsì 14 nínú 76 ni sẹ́ẹ̀lì ti fi nǹkan kún tàbí tí ó ti yí padà. Wàá rí orúkọ wọn nínú fáìlì: PSU, H2U, 5MC, 7MG, 1MA àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ tó o fi yọ omi, gbogbo HETATM pátá ló ní kó kúrò. Yọ 14 kúrò nínú 76, kó o wo iye tó kù.

Bí o bá fẹ́ rí i dájú, máa wo nọ́ńbà béèsì nínú fáìlì tó o ti gé. Lẹ́yìn 9, 11 ló kàn. Lẹ́yìn 15, ó fò lọ sí 18. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn 33, wàá bá 35. Béèsì 34, 35 àti 36 ni anticodon, ẹnu tí tRNA yìí fi ń ka mRNA, RNA tó ń gbé iṣẹ́ tí DNA rán wá, o sì ti yọ eyín kan níbẹ̀. Béèsì 37 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló tóbi jù tó sì ṣàjèjì jù nínú gbogbo wọn, YYG ni fáìlì pè é. Tó o bá wá jókòó ṣàlàyé ìrísí ohun tó kù yìí, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an lo ò ní mẹ́nu bà. Mo ti rí irú ẹ̀ nínú pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ tán, tí wọ́n ti fi lẹ́tà wúrà kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i. Nítorí náà, bó bá jẹ́ omi lo fẹ́ yọ, HOH ni kó o yọ, òun nìkan. Kó o tó yọ ohunkóhun, ka ìlà tí wọ́n kọ SEQRES sí lókè fáìlì, ibẹ̀ ni wọ́n ti to béèsì 76 náà láti orí dé ìdí. Ìlà MODRES á sì sọ fún ọ èyí tí sẹ́ẹ̀lì ti tún ṣe, àti irú èyí tó jẹ́ kó tó tún un ṣe. Bó o bá rí 5MU ní nọ́ńbà 54, má fòyà pé DNA ti wọ inú RNA rẹ. Lóòótọ́, T ni, àmọ́ U ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ló fi nǹkan kún un. Nínú fáìlì DNA, lẹ́tà D ló máa ń ṣáájú: DA, DC, DG, DT.

Níbi DNA tí mo dárúkọ yìí, ọ̀fìn kan tún wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń já sí. Fáìlì mìíràn wà tó jẹ́ pé okùn DNA kan ṣoṣo ni wàá bá nínú rẹ̀, wàá sì rò pé ìdajì ti sọnù. Kò sọnù. Okùn kejì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba délẹ̀ nínú kírísítà náà (mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé kírísítà), ni wọ́n ṣe kọ ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ̀rọ fi ìṣirò gbé ìkejì jáde. “Biological assembly” ni kó o tẹ̀ nígbà tó o bá fẹ́ gbà á, méjèèjì á sì pé.

Ó wá ku èwo ni òótọ́. Òótọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ́ bákan náà. Ibi tí àṣìlóye ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà máa ń jọ fọ́tò lójú wa. Kì í ṣe fọ́tò rárá. Àwọn onímọ̀ á mú kí àìmọye tRNA tò jọ di kírísítà, wọ́n á ta ìtànṣán X-ray lù ú, ìtànṣán náà á fọ́n ká, wọ́n á ka bó ṣe fọ́n, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí. Ènìyàn ló wá ń to átọ̀mù sínú ohun tí ìṣirò yẹn fi hàn. Bí wọ́n bá fi aṣọ òkè bo àga, wàá mọ̀ pé àga ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wàá rí igi tí káfíńtà fi kàn án. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní resolution ló ń sọ irú aṣọ tó bo tìrẹ. Angstrom ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mílíọ̀nù 10 rẹ̀ ló sì wà nínú mìlímítà kan. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ìrísí ṣe mọ́ tó. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ìdàkejì lọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò.

Ìdí tí tRNA kan fi ní fáìlì púpọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ méjì ló jọ ń sáré lé ìrísí kan náà, ti Alexander Rich àti Sung-Hou Kim ní Amẹ́ríkà, àti ti Aaron Klug ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kírísítà wọn ò rí bákan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà to átọ̀mù sí i ò sì dọ́gba. 4TNA, 2.5 angstrom, wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Cambridge, 6TNA, 2.7, wá láti ẹgbẹ́ Kim. Àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí kókó ọ̀rọ̀: tRNA náà rí bíi lẹ́tà L, anticodon wà ní ìkángun kan, ibi tí amino acid ń so mọ́ sì wà ní ìkángun kejì. Ewé mẹ́ta tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé ẹ̀kọ́ wulẹ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí pépà ni, tRNA kankan ò rí bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di ọdún 2000, ẹ̀rọ X-ray ti dára sí i, àwọn mìíràn padà sórí tRNA yìí, wọ́n sì gbé 1EHZ jáde ní 1.93. Bí wọ́n ṣe ń rí ibi tí mágínísíọ̀mù dúró sí kedere nìyẹn. Òun náà ni èmi ì bá mú, bó bá jẹ́ èmi. Ọ̀kan péré kọ́ ni mo máa mú ṣá o, màá fi 6TNA sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti yà síra, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni RNA náà ti ń mì nínú ayé tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú àwọn tó ṣe ti àtijọ́ ò tó o. Fáìlì ò lè bá ọ dá ẹjọ́ yẹn. Kírísítà ò sì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó ń yí, tó ń tẹ̀, tó ń nà nínú ara, ojú kan ni kírísítà mú un mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọjà tí kò tà. Ní 1971 ni wọ́n dá Protein Data Bank sílẹ̀ ní Brookhaven, ní Amẹ́ríkà, ìrísí 7 péré ló sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ní 2003, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan parapọ̀, kó lè jẹ́ àká kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìrísí inú rẹ̀ ti lé ní 200,000. Orúkọ purotéènì ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n DNA àti RNA náà ń gbé ibẹ̀. Nítorí pé díẹ̀ ni wọ́n láàárín èrò yẹn, Helen Berman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àká ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún wọn ní yunifásítì Rutgers, ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n pè é ní Nucleic Acid Database. Nucleic Acid Knowledgebase (NAKB) ló ti gba ipò rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o ti máa wá nǹkan, torí ó ti ya tRNA sọ́tọ̀, ó ti ya ribosome, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń hun purotéènì, sọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbé ìrísí tuntun jáde kò lè fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tẹ iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ó ti fi fáìlì rẹ̀ sínú àká. Kó tó wọlé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ọn lára: átọ̀mù wo ló sún mọ́ ara wọn jù, ibo ni kò bá ohun tí X-ray rí mu. Ìwọ náà lè ka èsì yẹn. Ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n yín mélòó nínú ohun tí wọ́n ń fowó rà ló ń bá irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rìn.

Olè kọ́ ni lílò rẹ̀, àwọn tó ni ín ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ohun tó jẹ́ olè ni pé kó o lò ó, kó o má dárúkọ ẹni tó ṣe é. Nọ́ńbà fáìlì àti iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì rẹ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé gbígbà nìkan ni àwa ń gbà. Nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní orílẹ̀-èdè wa lóṣù kejì ọdún 2020, láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. ACEGID, ibùdó ìwádìí kan ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ló ka RNA kòkòrò náà láti orí dé ìdí, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo ayé ti ń rí i. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n má ṣi àwọn àká wọ̀nyí mú fún ara wọn: lẹ́tà RNA ni wọ́n fi síta ní Ẹdẹ, kì í ṣe ìrísí. Lẹ́tà ni GenBank náà ń kó jọ láti 1982. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kó o mú ìrísí wá, tó o lọ mú lẹ́tà láti GenBank, á dá ọ padà.

Ti láàbù yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ jàre díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ lẹ àwòrán mẹ́rin mọ́ ojú ìwé, kó o kọ pé “àwòrán yìí fi hàn pé”, òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Neocles Leontis àti Eric Westhof, àwọn onímọ̀ RNA, ò nílò ìgò láàbù kankan ní 2001, nígbà tí wọ́n jókòó ti ìrísí RNA tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ń wo bí béèsì ṣe ń di ara wọn mú. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ìdìmú ọ̀hún pé 12. A pẹ̀lú U àti G pẹ̀lú C tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀kan péré ni wọ́n jẹ́ nínú ìdílé 12 yẹn. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìrísí RNA lónìí ló ń fi orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n pè wọ́n. Ìwọ náà lè fi tìrẹ bi í léèrè: nínú béèsì 14 tó o fẹ́ dà nù yẹn, mélòó ló ń di béèsì mìíràn mú, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dì í, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní sẹ́ẹ̀lì ò tún wọn ṣe? Ìbéèrè ni ìyẹn. Fáìlì 1EHZ á dáhùn apá àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìkẹta kọjá agbára rẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bó o bá fẹ́ ohun tí àwọn ará ilé á gbọ́ yé, mú 1HNW. Ribosome bakitéríà ni, apá kékeré rẹ̀, pẹ̀lú tetracycline nínú rẹ̀, tetracycline tí gbogbo kẹ́mísìtì Èkó ń tà yìí náà. Wàá rí i pé ara RNA gan-an ni oògùn náà lọ dì mọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ: 3.4 angstrom ni, aṣọ òkè nìyẹn. O lè sọ ibi tí oògùn náà jókòó sí, má sọ pé átọ̀mù yìí fi báyìí jìnnà sí átọ̀mù yẹn, kó o wá kọ ọ́ dé ẹyọ méjì lẹ́yìn ojú àmì. Fáìlì ribosome sì wúwo, lo kọ̀ǹpútà fún un. Ti 1EHZ fúyẹ́, orí fóònù rẹ lo ti lè fi Mol*, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ìrísí, wò ó nínú bíráwúsà, láìfi nǹkan kan kún fóònù, bí NEPA bá tilẹ̀ mú iná lọ.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kó o fi gbogbo èyí sílẹ̀, kó o ní kí AlphaFold, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń fi lẹ́tà sọ ìrísí tẹ́lẹ̀, sọ ìrísí RNA fún ọ. Fún purotéènì, ọwọ́ mi wà lókè. Fún RNA, rọra. Èyí tó jáde ní 2024 ń ṣe DNA àti RNA náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú CASP ti 2022, ìdíje àwọn tó ń sọ ìrísí tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi RNA sí, àwọn tó fi ìmọ̀ ara wọn tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà ló ta àwọn tó gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀rọ yọ. Purotéènì tí ẹ̀rọ lè fi kọ́ṣẹ́ pọ̀ lọ súà nínú àká, RNA ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìrísí tí wọ́n fojú X-ray rí bá ti wà, òun ni kó o mú. Tìrẹ wà.

Bá mi kí Bàbá. Sọ fún wọn pé tRNA yìí, ara yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò ló ti jáde, àti pé DNA tó gbajúmọ̀ jù nínú àká náà, 1BNA ti ọdún 1981, ènìyàn ló fi kẹ́míkà hun ún ní láàbù, béèsì 12 ló wà lára okùn kọ̀ọ̀kan. Nǹkan ara ènìyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, bíi hemoglobin àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, 2HBS, ṣùgbọ́n ìrísí purotéènì ni, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni ńbẹ̀. Ẹ̀rù Bàbá kì í ṣe ẹ̀rù asán ṣá o. DNA ènìyàn látòkè délẹ̀ wà nínú àwọn àká mìíràn, tí wọn kì í ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lẹ́nu onítọ̀hún kí wọ́n tó kó o síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún wọn ní ọsibítù, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì béèrè bóyá iṣẹ́ ìwádìí kan wà nínú rẹ̀.

Lọ gba 1EHZ tuntun, èyí tó o gé yẹn ti lọ. Yọ HOH nìkan, ka béèsì rẹ̀, tó bá pé 76, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá pé, fi àṣẹ tó o lò ránṣẹ́ sí mi gẹ́lẹ́ bó o ṣe tẹ̀ ẹ́, kí n wò ó.